Ta ló fún Ààrẹ Amẹ́ríkà ní gbogbo agbára yìí? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2025, Ààrẹ Amẹ́ríkà, Donald Trump, fọwọ́ sí ìwé kan tó ti ilẹ̀kùn físà mọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, lọ́jọ́ Kérésìmesì gan-an, Amẹ́ríkà ju bọ́ǹbù sí Sókótó. Láti ìgbà náà, ìbéèrè kan náà ni àwọn èèyàn ń bi mí lórí fóònù àti ní ṣọ́ọ̀bù onífárí: ṣé èèyàn kan ṣoṣo lè jókòó sídìí tábìlì kó ṣe gbogbo èyí láìbi ẹnikẹ́ni? Mo kó àwọn ìbéèrè náà jọ síbí. Bí ìdáhùn kan bá gùn, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ló pọ̀.

Kí ni ìwé òfin Amẹ́ríkà tiẹ̀ sọ pé kí Ààrẹ máa ṣe?

Kò pọ̀. Àwọn tó kọ ìwé òfin náà ní Philadelphia lọ́dún 1787 ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ni, wọn ò fẹ́ ọba mìíràn. Abala kìíní, tó jẹ́ ti Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì (ilé aṣòfin wọn méjèèjì, ilé aṣojú àti Sẹ́nétì), ló gùn jù lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n kó owó orí sí, owó ibodè, ìnáwó ìjọba, ìṣòwò pẹ̀lú ilẹ̀ òkèèrè, àti ìkéde ogun. Abala kejì, ti Ààrẹ, kúrú. Òun ni olórí àwọn ọmọ ogun. Ó lè dárí ji ọ̀daràn. Ó lè yan adájọ́ àti àwọn mínísítà bí Sẹ́nétì bá gbà fún un, ó lè bá ilẹ̀ òkèèrè ṣe àdéhùn bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn sẹ́nétọ̀ bá fọwọ́ sí i, ó sì lè kọ̀ láti buwọ́ lu àbádòfin. Iṣẹ́ tó kù ni pé kó rí i pé wọ́n ń tẹ̀lé òfin.

Gbólóhùn kan wà níbẹ̀rẹ̀ abala kejì yìí tó ní agbára ìṣàkóso wà lọ́wọ́ Ààrẹ. Wọn ò sọ ohun tí agbára ìṣàkóso jẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn lọ́yà ti ń jẹun lára gbólóhùn náà.

Ṣé Trump ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo èyí?

Rárá o. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó kọ́kọ́ na ọwọ́ kọjá àyè rẹ̀, ẹ lọ bá Thomas Jefferson, Ààrẹ kẹta. Òun gan-an ló máa ń pariwo pé ohun tí ìwé òfin kò bá kọ, kí ìjọba àpapọ̀ má fọwọ́ kàn án. Lọ́dún 1803, Napoleon, olórí ilẹ̀ Faransé, ní òun máa ta ilẹ̀ Louisiana ní mílíọ̀nù 15 dọ́là. Kò síbi tí ìwé òfin ti sọ pé Ààrẹ lè ra ilẹ̀. Jefferson mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó tiẹ̀ ti kọ àbá àtúnṣe ìwé òfin sílẹ̀. Nígbà tó gbọ́ pé Napoleon lè yí ọkàn padà, ó gbé àbá náà tì, ó rà á. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ta ló máa pe ẹni tó ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lẹ́jọ́?

Andrew Jackson, Ààrẹ mìíràn tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀, tún ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Ààrẹ tó ṣáájú rẹ̀ kì í sábà da àbádòfin padà àfi bí wọ́n bá rí i pé ó ta ko ìwé òfin. Jackson dá 12 padà, nígbà mìíràn nítorí pé kò kàn fẹ́ràn ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó bá báǹkì àpapọ̀ jà, ó lé akápò ìjọba tó kọ̀ láti kó owó kúrò níbẹ̀, ó fi ẹlòmíràn síbẹ̀, owó sì kúrò. Lọ́dún 1834, Sẹ́nétì kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn pé ó ṣe ohun tí kò láṣẹ láti ṣe. Ẹ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún 1837: àwọn èèyàn rẹ̀ ti pọ̀ nínú Sẹ́nétì, ni wọ́n bá gbé ìwé náà jáde, wọ́n fi tádàwà dúdú fa ìlà yí ọ̀rọ̀ yẹn ká, wọ́n kọ ọ́ sórí rẹ̀ pé àwọn ti pa á rẹ́. Ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ìbáwí tirẹ̀ rẹ́. Bí mo bá ní kí n mú àwòrán kan ṣoṣo fún gbogbo ìtàn yìí, àwòrán ìwé yẹn ni mo máa mú.

Lincoln tí gbogbo ayé ń yìn ńkọ́?

Òun ló ṣòro jù láti dá lẹ́jọ́. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1861, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti gba ìsinmi. Lincoln kò pè wọ́n títí di ọjọ́ 4 oṣù Keje. Láàárín ìgbà yẹn, ó pe 75,000 ọmọ ogun jọ, ó fi ọkọ̀ ojú omi dí èbúté àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù, ó ná owó tí ẹnikẹ́ni kò yà sọ́tọ̀ fún un, ó sì fún àwọn sójà láyè láti máa ti èèyàn mọ́lé láìgbé wọn lọ síwájú adájọ́. Wọ́n mú ọkùnrin kan ní Maryland tó ń jẹ́ John Merryman. Adájọ́ àgbà pátápátá, Roger Taney, kọ̀wé pé kí wọ́n gbé e wá. Ọ̀gá sójà tó wà ní àgọ́ kọ̀ jálẹ̀. Taney kọ ìdájọ́ rẹ̀, ó ní Ààrẹ kò lágbára yẹn, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì nìkan ló ní in. Lincoln ń bá iṣẹ́ lọ.

Ohun tó sọ fún àwọn aṣòfin nígbà tí wọ́n dé ni pé, ṣé kí òun jẹ́ kí gbogbo òfin yòókù wó tán nítorí kí òfin kan má bàa yẹ̀? Wọ́n sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Lọ́dún 1863, wọ́n ṣe òfin tó fọwọ́ sí ohun tó ti ṣe. Ọdún yẹn náà ló kéde pé àwọn ẹrú ní àwọn ìpínlẹ̀ tó ń bá ìjọba jagun ti di òmìnira, ó ní gẹ́gẹ́ bí olórí ọmọ ogun lòun ṣe ń ṣe é. Kálàmù kan náà ló tú àwọn kan sílẹ̀ tó sì ti àwọn mìíràn mọ́lé. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i: kò sí làásìgbò kan tó ti bá Amẹ́ríkà láti ìgbà náà tí ipò Ààrẹ kò tóbi sí i nínú rẹ̀.

Ṣé òfin ni àṣẹ Ààrẹ, èyí tí rédíò ń pè ní executive order?

Ìwé àṣẹ tí ọ̀gá kọ sí àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ni, kí ẹ rò ó bẹ́ẹ̀. Ààrẹ ń sọ fún àwọn àjọ ìjọba bí wọ́n ṣe máa ṣiṣẹ́. Ó gbọ́dọ̀ rọ̀ mọ́ ìwé òfin tàbí òfin kan tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ti ṣe. Ààrẹ tó bá dé lẹ́yìn lè fagi lé e lọ́jọ́ tó wọlé. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá lé ní mílíọ̀nù méjì, tí ọwọ́ wọn sì kan físà, oògùn, owó ilé ìwé àti ìlẹ̀kùn túbú, ìwé ọ̀gá sí òṣìṣẹ́ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ilé.

Washington kọ 8. Franklin Roosevelt, tó wà lórí oyè fún ọdún 12, kọ èyí tó lé ní 3,700. Ọ̀kan nínú wọn ni àṣẹ 9066, ti oṣù Kejì ọdún 1942. Ìwé yẹn kò dárúkọ ará Japan kankan. Ó kàn ní àwọn ọ̀gá ológun lè ya ilẹ̀ kan sọ́tọ̀ kí wọ́n sì lé ẹnikẹ́ni tó bá wù wọ́n kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe kó nǹkan bí 120,000 èèyàn tó ní ẹ̀jẹ̀ Japan lára lọ sí àgọ́ nìyẹn, tí púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fọwọ́ sí i lọ́dún 1944. Ó di ọdún 1988 kí ìjọba tó tọrọ àforíjì, wọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ṣì wà láàyè ní 20,000 dọ́là.

Trump fọwọ́ sí 26 lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó padà dé, 20 oṣù Kìíní ọdún 2025. Díẹ̀ nínú wọn, inú pápá ìṣeré ló ti fọwọ́ sí wọn, níwájú èrò tó ń hó, ó sì ń ju kálàmù tó fi kọ ọ́ sí wọn bí olórin tó ń ju aṣọ ìnujú sí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀.

Ǹjẹ́ ilé ẹjọ́ ti dá Ààrẹ kankan dúró rí?

Ó ti ṣẹlẹ̀. Èyí tí gbogbo lọ́yà wọn mọ̀ bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀ ni ti ọdún 1952. Ogun Kòríà ń lọ lọ́wọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ irin ní àwọn máa daṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹrin. Lálẹ́ tó ṣáájú, Harry Truman bọ́ sórí rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ó ní ọmọ ogun tí kò bá ní irin kò ní ọta ìbọn, nítorí náà ìjọba ti gba àwọn ilé iṣẹ́ irin. Òfin kan wà tó lè fi dá ìdaṣẹ́sílẹ̀ náà dúró fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ òfin tí òun fúnra rẹ̀ ti kọ̀ láti buwọ́ lù lọ́dún 1947 tí wọ́n sì fi ipá gbé kọjá lórí rẹ̀ ni. Kò fẹ́ lò ó.

Adájọ́ mẹ́sàn-án ló gbọ́ ẹjọ́ náà. Gbogbo wọn pátá, Roosevelt tàbí Truman ló yàn wọ́n. Mẹ́rin nínú wọn jẹ́ ti Truman. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Lọ́jọ́ 2 oṣù Kẹfà, mẹ́fà lòdì sí i, mẹ́ta gbè é, méjì nínú àwọn tó yàn sì wà lára àwọn mẹ́fà. Ó dá ilé iṣẹ́ padà lọ́jọ́ náà. Àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ 53. Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ pé Hugo Black, adájọ́ tó kọ ìdájọ́ náà, pe Truman wá sílé rẹ̀ lẹ́yìn náà láti bá a mu ọtí, Truman sì sọ pé òun ò fẹ́ràn òfin rẹ̀ ṣùgbọ́n ọtí rẹ̀ dára.

Adájọ́ Robert Jackson ló kọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀ lé títí dòní. Ó pín in sí ọ̀nà mẹ́ta. Bí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bá ti fọwọ́ sí ohun tí Ààrẹ ń ṣe, agbára rẹ̀ kún dé ẹnu. Bí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bá dákẹ́, ojú ọjọ́ ṣókùnkùn, a ò mọ̀. Bí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bá ti sọ pé rárá, agbára rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ìkòkò. Ẹ di èyí mú, torí òun ló máa jẹ́ kí ẹ lóye ọ̀rọ̀ físà.

Ọ̀rọ̀ físà ńkọ́? Òfin wo ló ń lò?

Oṣù Kẹfà ọdún 1952 yẹn náà ni. Ilé ẹjọ́ gba irin lọ́wọ́ Truman lọ́jọ́ 2. Lọ́jọ́ 27 oṣù kan náà, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ṣe òfin tuntun lórí àwọn àjèjì tó ń wọ̀lú. Gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tó ní, nígbàkigbà tí Ààrẹ bá rí i pé wíwọlé àwọn àjèjì kan yóò pa Amẹ́ríkà lára, ó lè dá wọn dúró fún ìgbà tó bá wù ú. Truman gan-an kọ̀ láti buwọ́ lu òfin náà, nítorí bó ṣe ń ya ìran kan sọ́tọ̀ ju òmíràn lọ. Wọ́n gbé e kọjá lórí rẹ̀. Ọwọ́ kan gba ilé iṣẹ́ irin, ọwọ́ kejì fún un ní ẹnu ọ̀nà orílẹ̀-èdè, láàárín oṣù kan ṣoṣo, ẹni tí wọ́n ń fún gan-an sì ní òun ò fẹ́.

Gbólóhùn yẹn ni Trump lò lọ́dún 2017 fún àwọn orílẹ̀-èdè kan tó jẹ́ pé Mùsùlùmí ló pọ̀ jù níbẹ̀. Lọ́dún 2018, adájọ́ márùn-ún sí mẹ́rin ní ó tọ̀nà: Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló fi gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Nínú ìdájọ́ kan náà ni wọ́n ti sọ pé ìdájọ́ ọdún 1944 lórí àwọn ará Japan kò dára látìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, kò jẹ̀bi.

Ní oṣù Kìíní ọdún 2020, ó kan Nàìjíríà. Kì í ṣe físà àbẹ̀wò nígbà yẹn, físà àwọn tó fẹ́ lọ gbé ibẹ̀ ni. Ẹ fojú inú wo ìyá aládìrẹ kan ní Ìtòkú tí ọmọ rẹ̀ tó ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọ̀wé pè é, tó ti sanwó fọ́ọ̀mù, tó ti ṣe àyẹ̀wò ara, tó ti ń pín àdìrẹ tó kù fún àwọn àbúrò. Kò sí òfin tuntun, aṣòfin kankan kò dìbò, ìwé kan ṣoṣo jáde. Ọdún kan lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ tí Biden wọlé, ìwé mìíràn fagi lé e. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2025, ìwé kẹta tún dé, ó sì fẹjú ju ti àkọ́kọ́ lọ: ó mú físà àbẹ̀wò àti ti ilé ìwé mọ́ ọn, ó sì kan ilẹ̀ Benin náà. Togo ti wọ̀ ọ́ láti oṣù Kẹfà. Gbólóhùn ọdún 1952 náà ló ṣì wà nídìí rẹ̀.

Ta ló láṣẹ láti gbógun ti ilẹ̀ mìíràn?

Lórí ìwé, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ni. Ìgbà tí wọ́n kéde ogun kẹ́yìn ni oṣù Kẹfà ọdún 1942, lórí Bulgaria, Hungary àti Romania. Ẹ ka gbogbo ogun tí ẹ mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn: kò sí ìkankan tí wọ́n kéde. Truman kó ọmọ ogun lọ sí Kòríà lọ́dún 1950, ó ní iṣẹ́ ọlọ́pàá ni. Ó lé ní 33,000 ọmọ Amẹ́ríkà tó kú sójú ìjà iṣẹ́ ọlọ́pàá náà.

Ti Vietnam, wọ́n béèrè. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1964, Ààrẹ Lyndon Johnson ní àwọn ọkọ̀ ogun Vietnam àríwá kọ lu ọkọ̀ Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mejì ní Tonkin. Ìkejì yẹn, a mọ̀ báyìí pé kò ṣẹlẹ̀. Ilé aṣojú fọwọ́ sí i, 416 sí òdo. Sẹ́nétì, 88 sí méjì. Ó lé ní 58,000 ọmọ Amẹ́ríkà tó kú níbẹ̀, ká má tíì sọ ti àwọn onílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣe òfin ọdún 1973, lórí orí kunkun Nixon: Ààrẹ gbọ́dọ̀ sọ fún Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì láàárín wákàtí 48, bí wọn ò bá sì fọwọ́ sí i, kó kó ọmọ ogun kúrò lẹ́yìn ọjọ́ 60. Ó dára létí. Clinton ju bọ́ǹbù sí Kosovo fún ọjọ́ 78. Obama, tó sọ nígbà tó ń du ipò pé Ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá gbógun ti ẹni tí kò halẹ̀ mọ́ Amẹ́ríkà, ju bọ́ǹbù sí Libya lọ́dún 2011. Nígbà tí ọjọ́ 60 pé, àwọn lọ́yà rẹ̀ ní ohun tí àwọn ń ṣe níbẹ̀ kò tó ohun tí òfin ń pè ní ìjà. Bọ́ǹbù o, wọ́n ní kì í ṣe ìjà.

Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì fọwọ́ sí àṣẹ kan pé kí Ààrẹ bá àwọn tó kọ lu Amẹ́ríkà lọ́jọ́ náà jà, tí ìdí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí 60 ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé méjèèjì ló ní rárá, Barbara Lee láti California. Ó ní kí wọ́n ṣọ́ra kí wọ́n má fún Ààrẹ ní ìwé tí kò ní òpin. Wọ́n bú u, wọ́n ní kí wọ́n pa á, wọ́n ní láti fi ẹ̀ṣọ́ tì í. Wọ́n fi ìwé náà jà ní Afghanistan, ní Yemen, ní Somalia, wọ́n sì fi bá àwọn ẹgbẹ́ tí kò tíì sí láyé lọ́dún 2001 jà.

Ti Sókótó, ìjọba Nàìjíríà ní àwọn mọ̀ sí i, ìyẹn ọ̀rọ̀ Abuja. Ní ti Washington, ẹnikẹ́ni kò dìbò. Ìjọba wa fúnra rẹ̀ ló sọ pé àfọ́kù ohun ìjà náà já bọ́ sí Jabo ní Sókótó àti sí Ọ̀fà ní Kwara. Ọ̀fà! Ìlú ìjàkadì, tó jìnnà sí Sókótó tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jí lọ́jọ́ kejì ọdún tó bá irin jíjó lẹ́bàá ilé rẹ̀ ní Ọ̀fà ti rí ìyàtọ̀ tó wà láàárín abala kìíní àti abala kejì ìwé òfin Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò kà á rí.

Kí ni wọ́n ń pè ní pàjáwìrì?

Bí Ààrẹ bá kéde rẹ̀, ọ̀pọ̀ òfin tó ń sùn yóò jí. Òfin ọdún 1976 ni wọ́n ṣe láti fi ìjánu sí i: Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lè dìbò kó fòpin sí pàjáwìrì, Ààrẹ kò sì ní lè sọ nǹkan kan. Lọ́dún 1983, ilé ẹjọ́ ní irú ìdìbò bẹ́ẹ̀ kò bófin mu láìgbé e lọ bá Ààrẹ. Ìjánu já. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá fẹ́ fòpin sí i, àfi kí wọ́n ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ní ilé méjèèjì, nítorí pé Ààrẹ tó kéde rẹ̀ ló máa kọ̀ láti buwọ́ lù ú. Bó ṣe rí nìyẹn lọ́dún 2019 lórí ògiri ibodè Mexico. Pàjáwìrì tí Carter kéde lórí Iran ní oṣù Kọkànlá ọdún 1979, wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dọọdún.

Biden náà lo tirẹ̀. Ó fi òfin tí wọ́n ṣe fún ìgbà ogun àti pàjáwìrì ní òun máa pa gbèsè àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́, nǹkan bí bílíọ̀nù 400 dọ́là. Ilé ẹjọ́ dá a dúró lọ́dún 2023. Lọ́dún 2025, Trump fi òfin pàjáwìrì ti ọdún 1977 bu owó ibodè lé ọjà tó ń ti ilẹ̀ púpọ̀ láyé wá, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ibodè kò sí nínú òfin náà níbì kankan, abala kìíní ló sì wà nínú ìwé òfin. Òun kan náà ló gbé òfin ọdún 1798 jáde láti fi lé àwọn ará Venezuela. 1798! Òfin tó ṣáájú kí wọ́n tó tẹ Ìbàdàn tuntun dó.

Kí ló dé tí àwọn aṣòfin fi ń wò ó níran?

Èmi ò rò pé wọ́n ń wò ó. Wọ́n ń fún un ni. Aṣòfin tó bá dìbò lórí ogun, orúkọ rẹ̀ wà lákọsílẹ̀; bí ogun náà bá dojú rú, wọ́n á fi ìbò yẹn lé e lọ́dún ìdìbò. Aṣòfin tí kò dìbò lè bú Ààrẹ bó bá kùnà, kó sì bá a ya fọ́tò bó bá borí. Ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Ohun kejì ni ẹgbẹ́ òṣèlú. Àwọn tó kọ ìwé òfin rò pé sẹ́nétọ̀ yóò máa ṣọ́ agbára ilé rẹ̀ lójú méjèèjì. Wọn ò mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí yóò jẹ́ pé Ààrẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa sọ bóyá yóò padà wọlé tàbí kò ní padà.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà kì í fi í dúró sójú kan. Àwọn Democrat pariwo lórí Bush, wọ́n dákẹ́ lórí Libya. Àwọn Republican pariwo lórí àṣẹ tí Obama fi dáàbò bo àwọn ọ̀dọ́ tí kò ní ìwé lọ́dún 2012, wọ́n pàtẹ́wọ́ ní pápá ìṣeré lọ́dún 2025. Ààrẹ tuntun kì í sì í dá ohun tó bá nílé padà.

Ṣé wọn ò lè yọ ọ́ ni?

Wọ́n lè gbìyànjú. Ilé aṣojú ti fẹ̀sùn kan Andrew Johnson lọ́dún 1868, Clinton lọ́dún 1998, Trump lọ́dún 2019 àti 2021. Sẹ́nétì kò yọ ẹnikẹ́ni. Ìbò kan ṣoṣo ló kù kí Johnson lọ. Nixon nìkan ló lọ, lọ́jọ́ 9 oṣù Kẹjọ ọdún 1974, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ lẹ́yìn tí adájọ́ mẹ́jọ fi ohùn kan ní kó kó kásẹ́ẹ̀tì tó fi gba ọ̀rọ̀ inú ọ́fíìsì rẹ̀ sílẹ̀ wá. Àwọn Ọ̀yọ́ Mèsì kò nílò ìdá méjì nínú mẹ́ta: bí Aláàfin bá ṣí igbá tó sì bá ẹyin odídẹ nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ṣé lóòótọ́ ni pé wọn ò lè pe Ààrẹ lẹ́jọ́ mọ́?

Ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2024, adájọ́ mẹ́fà sí mẹ́ta dáhùn báyìí: lórí iṣẹ́ tó jẹ́ ti Ààrẹ nìkan lábẹ́ ìwé òfin, wọn ò lè fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn án rárá, lórí iṣẹ́ ìjọba yòókù, ààbò wà lórí rẹ̀ àfi bí agbẹjọ́rò ìjọba bá lè já a, lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, kò sí ààbò. Àwa tí a mọ abala 308 nínú ìwé òfin Nàìjíríà lè rò pé a mọ nǹkan yìí. Ó yàtọ̀. Tiwa ń parí lọ́jọ́ tí gómìnà tàbí Ààrẹ bá kúrò lórí oyè, EFCC a sì dúró de ẹlòmíràn lẹ́nu ọ̀nà. Tiwọn ń tẹ̀ lé e délé, títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ṣé Trump lè ṣe sáà kẹta?

Wọn ò lè dìbò yàn án mọ́. Àtúnṣe kejìlélógún ìwé òfin, ti ọdún 1951, sọ pé wọn ò gbọdọ̀ yan ẹnikẹ́ni sípò náà ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Roosevelt tó wọlé lẹ́ẹ̀mẹrin ló fà á.

Ààrẹ Nàìjíríà àti ti Amẹ́ríkà, ta ló lágbára jù nílé ara rẹ̀?

Ti wa, lójú tèmi. Lọ́dún 1979 la gbé aṣọ Amẹ́ríkà wọ̀, ṣùgbọ́n a ò gbé ìpínlẹ̀ wọn, tó ní ọlọ́pàá àti owó orí tirẹ̀, wọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ní ti ogun, ìwé òfin wa tiẹ̀ sọ ọ́ yé ju tiwọn lọ: Ààrẹ kò gbọdọ̀ rán ọmọ ogun lọ jà lókè òkun láìgba àṣẹ Sẹ́nétì, àfi bí ewu bá dé tán, kó wá gba àṣẹ láàárín ọjọ́ méje. Ní ọjọ́ Àìkú, 7 oṣù Kejìlá ọdún 2025, àwọn ọkọ̀ òfuurufú ogun wa ti wà lójú ọ̀run ilẹ̀ Benin láti dá àwọn tó fẹ́ gbàjọba lẹ́kun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Sẹ́nétì tó fọwọ́ sí i.

Ṣé mo lè ka àwọn àṣẹ yìí fúnra mi?

Ó rọrùn. Ìjọba Amẹ́ríkà ń tẹ gbogbo wọn jáde nínú ìwé ìròyìn òfin wọn, Federal Register, ọ̀fẹ́ ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fi ojú sí orúkọ àṣẹ náà, orúkọ rẹ̀ máa ń dùn. Ẹ wo ìlà àkọ́kọ́, níbi tí Ààrẹ ti ń sọ òfin tó fún un lágbára. Bó bá jẹ́ pé ìwé òfin nìkan ló dárúkọ, ẹ fura. Bó bá dárúkọ òfin Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì, ẹ wá ọdún tí wọ́n ṣe é. Nínú èyí tó kan físà wa, nọ́ńbà tí ẹ máa rí ni 212(f).